Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Òbí, Kí Ni Ọmọ Yóò Jogún?

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún òrìṣà tàbí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀fá. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni. Bí wọ́n bá dá bàbá tàbí ìyá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ta ni ìyà náà máa ń jẹ pẹ́ jù? Àgbàlagbà lè bara jẹ́ lónìí, kó sì rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wo bàbá rẹ̀ lórí àga látàárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Nígbà wo ni tirẹ̀ máa ń tán?

Ibi tó dára láti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ni Barking àti Dagenham, ní ìhà ìlà oòrùn London. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2001, àwọn adúláwọ̀ ọmọ Áfíríkà tó wà ní agbègbè náà kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di 2011, wọ́n ti lé ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ra ilé síbẹ̀ àti àwọn tó ń gbé ilé káńsù, gbogbo wọn ló bá ìlú tó ti ní ìtàn iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ògún kò ní pẹ́ dá ìtàn náà mọ̀, nítorí irin ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1921 ni ìjọba London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé Becontree, tí wọ́n sì kọ́ ọ títí di 1935. Ilé tí wọ́n kọ́ lé ní 25,000. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ilé híhá láàárín ìlú London ni wọ́n kó wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé pọ̀ ju iṣẹ́ lọ níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1931 ni ilé-iṣẹ́ Ford ṣílẹ̀kùn ní etí odò Thames, ní Dagenham. Wọ́n ń yọ́ irin níbẹ̀, wọ́n ń rọ ọ́, wọ́n ń fi ṣe mọ́tò. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950, ó tó 40,000 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ńlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kò mọ orúkọ ẹni tó ni irin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yóò yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Iṣẹ́ bàbá di iṣẹ́ ọmọ. Bàbá wà ní Ford, ẹ̀gbọ́n wà ní Ford, ọmọ kúrò ní ilé-ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá, òun náà wọlé. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá gbọ́ Àyàn lórí orúkọ ènìyàn, a mọ̀ pé ìlù ni wọ́n ń lù nílé wọn. Bí a bá gbọ́ Ọ̀jẹ̀, a mọ̀ pé ilé eégún ni. Bí a bá gbọ́ Ọnà, a mọ̀ pé ọwọ́ wọn ò ṣàì mọ iṣẹ́ ọnà. Dagenham náà ní ìdílé bẹ́ẹ̀, àfi pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò kéré rárá. Alágbẹ̀dẹ ilé wa ló ni ẹwìrì rẹ̀, òun ló ni ẹmú, òun ló ni òwú. Bí oníbàárà kan kò bá wá, òmíràn á wá. Bí ó bá kú, ọmọ rẹ̀ á gbé ohun èlò náà. Òṣìṣẹ́ Ford kò ní nǹkan kan nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń lò. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, èyí pàápàá sì jẹ́ ọgbọ́n ìdí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ní òun kò ṣe mọ́, bàbá pàdánù owó oṣù, ọmọ sì pàdánù ogún tó ti ń retí.

Ọjọ́ náà dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, Ford kéde pé àwọn kò ní í to mọ́tò ní Dagenham mọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2002, Fiesta tó kẹ́yìn jáde. Mọ́tò tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ láti 1931 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 wọ́n tún ti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tẹ irin ara mọ́tò pa. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ òògùn Sanofi kógbá wọlé ní Dagenham. Àwọn àgbà láàárín yín á rántí ilé-iṣẹ́ yìí, bí wọ́n kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. May and Baker ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Dagenham ló sì wà láti ọdún 1934. Òun ni M&B tí àwọn ìyá wa ń lò nílé nígbà tí ibà bá mú ọmọ. Ilé-iṣẹ́ tó wo ọmọ sàn ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, Dagenham ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilé náà. Nígbà tí Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, tí wọ́n sì ti ti Nigeria Airways pa ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ni owó ilé-ìwé ti di ìjà. Òṣìṣẹ́ Nigeria Airways ń retí ẹ̀tọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan gbà. Ọmọ tó wà ní girama nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kú ti di òbí fúnra rẹ̀ kí owó bàbá rẹ̀ tó jáde.

Wàyí o, kí ni àwọn onímọ̀ rí nípa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀? Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Oreopoulos, Page àti Stevens, wo àwọn ọmọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wọn nítorí pé ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí ilé wọn jọra, àmọ́ tí iṣẹ́ bàbá wọn kò bọ́. Ní ọdún 2008 tí wọ́n gbé èsì jáde, wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́, owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún fi nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Ilé tó ti tálákà tẹ́lẹ̀ ni ìpalára náà ti pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, Stevens àti Schaller rí i ní 2011 pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí, ó fi nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún mú kó ṣeé ṣe sí i pé kí ọmọ tún kíláàsì kan ṣe.

Èyí tó yẹ kí olórìṣà ronú lé jù ni ti Nọ́wè. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní 2011 fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ bàbá bá kógbá wọlé, máàkì ọmọ máa ń wálẹ̀ níléèwé. Bí ó bá jẹ́ ti ìyá, kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà wá ìdí rẹ̀ títí. Wọ́n wo owó tó dínkù, wọ́n wo kíkó kúrò nílé, wọ́n wo kí bàbá àti ìyá kọ ara wọn sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàlàyé rẹ̀ tán. Nọ́wè jẹ́ ibi tí ìjọba ti ń gbọ́ bùkátà ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá fura sí ni ìbànújẹ́ ọkàn bàbá fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Jígí ni ènìyàn máa ń wò kó tó jáde nílé. Bí jígí bá ṣú, ọmọ kò ní mọ bí ojú òun ti rí. Bàbá tó ti gbà pé iṣẹ́ òun ni òun jẹ́ láyé, tó wá jí lọ́jọ́ kan tí kò sí iṣẹ́ mọ́, ojú tó bá fi wo ara rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ yóò fi wo ọjọ́ iwájú. Kò ní láti lu ọmọ, kò ní láti mutí. Kó kàn dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta tó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbogbo ilé á máa fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn.

Àwọn kan á sọ pé ohun tí orí bá yàn kò gbóògùn, pé bí bàbá bá pàdánù iṣẹ́, tí ọmọ sì kùnà, àyànmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ lẹ́nu olórìṣà. Orí ọmọ kì í ṣe orí bàbá. Olúkúlùkù ló kúnlẹ̀ yan tirẹ̀. Èyí ni a fi ń bi Ifá léèrè nípa ọmọ tuntun lọ́tọ̀, tí a kò ní kó máa lo odù bàbá rẹ̀. Orí rere pẹ̀lú sì nílò ẹsẹ̀ tí yóò gbé e débẹ̀, ó nílò ìwà, ó nílò ẹni tí yóò dúró tì í. Ẹ wo ìwádìí Kánádà náà dáadáa: ilé tálákà ni ìpalára ti wúwo jù. Ìyẹn ni pé ibi tí ìrànlọ́wọ́ bá ti wà, ìpalára máa ń fúyẹ́. Ohun tí ìrànlọ́wọ́ lè yí padà, ẹ má ṣe pè é ní àyànmọ́.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Dagenham kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, àwọn obìnrin 187 tó ń rán àga mọ́tò ní Ford dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ tí kò nílò ọgbọ́n. Wọ́n dá gbogbo Ford dúró. Owó wọn gòkè lọ sí 92 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọkùnrin ń gbà, òfin owó ọgbọọgba sì jáde ní 1970. Ṣùgbọ́n ọdún 1984 ni wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ náà nílò ọgbọ́n, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin náà tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nínú ìjà yẹn jogún nǹkan kan tí Ford kò lè gbà padà nígbà tó ń lọ. Ó mọ̀ pé ènìyàn lè sọ pé "rárá", kó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní báyìí, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń ṣe ní Barking àti Dagenham ni iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, iṣẹ́ ọsibítù, iṣẹ́ sẹkúríìtì, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí àti iṣẹ́ awakọ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ ní ìṣòro kan tí òṣìṣẹ́ Ford kò ní. Bí agbanisíṣẹ́ bá lé e, tàbí tí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ náà, lẹ́tà máa ń wá pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á láàárín ọjọ́ 60, tàbí kó kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọmọ wọn tó ń múra ìdánwò GCSE kò mọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ nígbà tí èsì bá jáde. Ọmọ kò ní bi yín, ṣùgbọ́n ó ti rí lẹ́tà náà lórí tábìlì.

Nítorí náà, kí ni kí ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òbí ṣe?

Èkíní, ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ ọ́ bí ọjọ́ orí wọn bá ti tó, kí ẹ sì sọ ètò tí ẹ ní. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ tí wọn kò sọ nǹkan kan fún máa ń rò pé òun ló fà á. Ẹ má sì sọ ọmọ di ẹni tí yóò máa tu àgbàlagbà nínú.

Èkejì, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ kan ní ọdún méjì ó kéré tán, tí wọ́n wá ní iṣẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́, owó kan wà tí òfin ní kí wọ́n san fún un. Bí ẹ bá rò pé wọ́n fìyà jẹ yín, ẹ má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ACAS tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Universal Credit, kó tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni owó àkọ́kọ́ fi ń pẹ́. Ẹni tó wà lórí físà, kó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin físà sọ̀rọ̀ kó tó béèrè owó ìjọba èyíkéyìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ má yọ ọmọ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ nítorí ìtìjú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní London ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọmọ girama, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé, nítorí àwọn ọmọ kan tí òbí wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìjọba náà lè rí i gbà. Ọmọ ọdún 16 sí 19 tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Ọmọ tó wà ní yunifásítì tó ń gba owó ìyá ìjọba, owó tó wọlé fún òbí rẹ̀ ní ọdún kan tó ti kọjá sẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò tirẹ̀. Bí owó náà bá ti fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n fi ti ọdún yìí ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí, ọmọ wọn á sì fi ìwé sílẹ̀ nítorí ìyàtọ̀ ẹgbẹ̀rún owó díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan ilé òrìṣà tààrà. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá sí ojúbọ, kò sì burú. Kó bọ orí rẹ̀. Kó fi obì àti omi tútù bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi lé e kúrò níbi iṣẹ́ kì í ṣe owó ìtẹ̀fá. Owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ilé-ìwé ni. Babaláwo tó bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù iṣẹ́, tó sì ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un pé kó lọ mú un wá kí nǹkan lè yí padà, kò wo ẹbọ, àpò ló ń wò. Ẹbọ tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ti dá ẹbọ mìíràn sílẹ̀. Olúwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá ohun tí agbára ẹni náà ká.

Ìkarùn-ún ni pé kí ilé òrìṣà gba ìdí ohun tí Ford kò lè ṣe. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Nínú ilé òrìṣà kan, a lè rí nọ́ọ̀sì, oníná, amòfin, olùkọ́ àti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kó rí ẹni tí yóò bá a ka ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tí yóò mú un lọ wo ibi iṣẹ́ òun, ẹni tí yóò bá a kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́. Àjọ àti èèsú tí a ń dá, ẹ jẹ́ kí apá kan wà nínú rẹ̀ fún ilé tí iná rẹ̀ fẹ́ kú. A kì í kéde orúkọ ẹni tó gbà á. Bí àwọn ògbóǹtarìgì bá jókòó yí ọmọ kan ká, yóò rí ọ̀pọ̀ jígí tí yóò máa wo ara rẹ̀ nínú wọn títí tí ti bàbá rẹ̀ yóò fi mọ́ padà.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ilé-iṣẹ́ tuntun nìkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ pé àwọn ọjà ńlá London, Billingsgate tí wọ́n ti ń ta ẹja àti Smithfield tí wọ́n ti ń ta ẹran, ń bọ̀ ní Dagenham Dock. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba City of London ní àwọn kò ṣe mọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ méjì, tó ní ìwé lọ́wọ́, tó sì mọ ènìyàn, ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè dùn ún, kò lè pa á.

Bàbá tí wọ́n dá dúró ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè máa rò pé òun kò ní ogún kankan mọ́ tí òun yóò fi sílẹ̀. Ó ní. Bí ó bá jí ní àárọ̀, tó wẹ̀, tó kí orí rẹ̀, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ní àkókò, tó sì jókòó tì í lálẹ́ bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ogún ló ń fún un yẹn. Kò sí ọ̀gá kankan tó lè kọ lẹ́tà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ògún la ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó ń wá iṣẹ́. Kí orí àwọn ọmọ wa má gbàbọ̀dè. Kí a má rí ìparí iṣẹ́ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn. Àṣẹ.